Ohun Tí Mo Kọ Sílẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Dúpẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mò ń lọ ṣe iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi kò tẹ̀ rí, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe ní Ìdànrè láti ọdún mẹ́fà sì parí nìyẹn. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà ló máa ń kọ irú ìwé yìí, ẹni tó ti fi ogójì ọdún lu irin tàbí tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ níwèé. Ojú ń tì mí díẹ̀ bí mo ṣe jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ní kí n kọ ọ́, n kò sì tíì kọ̀ fún un rí.

"Kọ ọ́ fún àwọn tó ń ronú bóyá kí àwọn wá," ni Bàbá Pánápaná wí. "Kọ èyí tó dùn, kọ èyí tó korò. Bí o bá kọ èyí tó dùn nìkan, ìpolówó ọjà lo kọ."

Iṣẹ́ náà nìyí: àwa ọ̀dọ́ ìlú ń pàdé ní gbogbo Sátidé, a ń kọ́ bí a ṣe ń pa iná kékeré kó tó di ńlá, àti bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣíwọ́, títí wọn yóò fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Tí a bá ti mọ̀ ọ́n, a ó lọ kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìwé, ní ibùdó àwọn ọlọ́kadà. Ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ àti owó oṣù kò pọ̀ lẹ́nu mi. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ló daṣẹ́ sílẹ̀, mo wà nílé láìníṣẹ́, màmá mi sì sọ pé bí n kò bá rí ibì kan lọ lọ́jọ́ Sátidé, òun yóò rí oko kòkó fún mi lọ. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn.

Bàbá Pánápaná kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó ṣiṣẹ́ pánápaná ní Àkúrẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá padà sí Atosin ní Ìdànrè láti máa tọ́jú oko kòkó bàbá rẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, àpá iná sì wà ní apá rẹ̀ ọ̀tún láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ẹnì kan yọ̀ǹda ilé ìkókòósí rẹ̀ fún un lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ ni a ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kòkó gbígbẹ, orúnkún mi máa ń fẹ́ kúnlẹ̀ ti nǹkan.

Aago mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù, Bàbá á ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, á kọ́kọ́ lọ gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè dé ibi ìsinmi kejì, á sọ̀ kalẹ̀, kó tó wọlé.

"Iná kì í bi ọ́ pé kí ló dá ọ dúró lọ́nà," ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kan Ṣẹ́gun, ọlọ́kadà tí àwa méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀, ó padà dé pẹ̀lú òógùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ pa wá kí a tó mọ bí wọ́n ṣe ń jí òkú ni?"

"Òkú kankan kò ní jí lọ́wọ́ rẹ," ni Bàbá dá a lóhùn. "Ẹni tó fẹ́ di òkú ni kí o mú dání. Kúnlẹ̀."

A kúnlẹ̀ ti ènìyàn tí Bàbá fúnra rẹ̀ rán. Àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi ń kó kòkó ni ara rẹ̀, àkísà aṣọ ló wà nínú rẹ̀, táyà kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó ni ó fi ṣe egungun ìhà, èédú ló sì fi ya ojú àti ẹnu fún un. Ṣẹ́gun sọ ọ́ ní Bùọ̀dá Kòkó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bùọ̀dá Kòkó ni orúnkún mi ti bó ní ọdún àkọ́kọ́.

"Àárín àyà! Kì í ṣe ikùn, ìwọ ọmọ yìí, kì í ṣe ẹ̀kọ lò ń pò. Ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ ni kí o fi tẹ̀ ẹ́. Na apá rẹ gbọọrọ. Jẹ́ kó wọlẹ̀ tó ìka mẹ́ta, jẹ́ kó padà sókè, tún tẹ̀ ẹ́. Má ṣe dúró."

Kò mọ bó ṣe lè ṣàlàyé bó ṣe yẹ kó yá tó, títí ó fi béèrè irú ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ. Mo ní Aládùúrà ni wá. Ojú rẹ̀ là. "Ẹ̀yin alásùtánà! Pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹ ṣe ń pa á nígbà tí ara bá ti gbóná." Mo pàtẹ́wọ́. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kà á, ó mi orí. "Òun gan-an nìyẹn. Ọmọ Áńgílíkà ni mí, àtẹ́wọ́ tiwa yóò ti pa aláìsàn." Láti ọjọ́ náà, ìpàtẹ́wọ́ ìjọ wa ni gbogbo ẹgbẹ́ fi ń tẹ àyà, àwọn Kátólíìkì pẹ̀lú.

Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí nígbà náà, nítorí ó ṣe pàtàkì sí ohun tó ń bọ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀rù iná. Ẹ̀rù kí n má ṣe àṣìṣe lójú ènìyàn ni. Mo máa ń ronú pé bí mo bá ti kọ nǹkan sílẹ̀ dáadáa, mo ti ṣe é ní ìdajì. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá ti ẹnu Bàbá jáde ni mò ń kọ, mo sì ń fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Mo ṣì ní ìwé náà. Ní ojú ewé kan, mo kọ ọ́ pé: "Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró lè máa mí ìmí kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹja tí a gbé sórí ilẹ̀. Mímí kọ́ nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀." Ìlà pupa méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá máa ń wo ìwé mi, á ní, "Mojí, ìwé kò ní ọwọ́."

Apá ti iná ló kọ́kọ́ so èso. Bàbá kọ́ wa pé a kì í da omi sí epo tó ń jó, ṣe là ń bò ó mọ́lẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Ṣẹ́gun gbé èrò dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó bá ìyàwó ilé tí epo dòdò rẹ̀ gbiná, obìnrin náà ti gbé garawa omi sókè. Ṣẹ́gun gba garawa náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ àpò sínú rẹ̀, ó fún un, ó sì rọra fi bo ìkòkò náà títí iná fi kú. Obìnrin náà ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. "Ó gba ilé mi là o," ló ń wí, "àmọ́ ó fi dòdò mi ṣe owó iṣẹ́."

Èmi náà ṣe tèmi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, orí tábìlì tí a tẹ́ aṣọ funfun sí ni a ń to àbẹ́là sí, àwa tí sùtánà wa gùn dé kókósẹ̀ sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bẹ Bàbá Àlùfáà wa, ó gbà kí a to gbogbo àbẹ́là sínú àwo yanrìn, kí tábìlì náà sì jìnnà sí kọ́tìnì. Inú mi dùn gan-an. Mo rò pé mo ti gbé ẹ̀kọ́ Sátidé wọ inú ọjọ́ ìsinmi. N kò mọ̀ pé èyí tó ṣòro kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ kejì tí mò ń ṣe nígbà náà, nítorí ẹni tí kì í ṣe Aládùúrà lè má mọ̀ ọ́n. Èmi ni akọ̀wé ìran. Bí ẹ̀mí bá gbé ẹnì kan nínú ìsìn tó ṣubú lulẹ̀, iṣẹ́ mi ni láti sáré gbé ìwé àti bírò, kí n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, kí n máa kọ ohun tó bá ń sọ, kí ó má baà sọnù. Mo ń kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹni tó wà nínú ẹ̀mí. Bí a ṣe bá a nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bi wá léèrè ìdí rẹ̀.

Nínú àwọn tí ẹ̀mí máa ń gbé, Màmá Dúpẹ́ ló wọ́pọ̀ jù. Àgbẹ̀ kòkó ni, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Dúpẹ́, tó ń ránṣọ. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ọjọ́ lásán, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣubú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dán mọ́nrán, n kì í sáré kí n tó kọ ọ́ tán.

Ọjọ́ Sunday kan nígbà òjò, ní ọdún kẹta iṣẹ́ mi, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fọwọ́ ra èjìká òsì rẹ̀. Ó ní ẹrù kòkó tí òun gbé lánàá kò ṣe òun lóore. A bẹ̀rẹ̀ orin, àtẹ́wọ́ gbóná, Màmá Dúpẹ́ yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ṣubú. Àwọn ènìyàn kígbe halelúyà, wọ́n yà sẹ́yìn. Mo gbé ìwé. Mo kúnlẹ̀.

Ohùn kan jáde lọ́fun rẹ̀, ó gùn, ó há, bí ẹni tó fẹ́ hanrun. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: "Háá." Mo kọ àkókò sí i: aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dúró de ọ̀rọ̀. Ohùn náà tún jáde. Mo tún kọ ọ́. Bàbá Àlùfáà tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ní, "Máa wí, ìránṣẹ́ Olúwa, à ń gbọ́." Ó tún ṣe é. Àlàfo tó wà láàárín wọn ń gùn sí i. Mo kọ mẹ́fà. Lẹ́yìn ìkẹfà, kò sí nǹkan mọ́, mo sì ṣì kúnlẹ̀, mo mú bírò dání, mò ń dúró.

Bàbá Àlùfáà ló sọ ọ́. "Mojí, ó ti dákẹ́ jù."

Ìgbà náà ni mo wo ojú rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ìwé ni mò ń wò. Ètè rẹ̀ ti dà bí eérú. Mo ju ìwé sílẹ̀, mo kígbe pé kí wọ́n wá ọkọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ náà. Ìyẹn ló dùn mí jù lẹ́yìn náà: ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, kò tilẹ̀ gbọ̀n. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọkọ̀ fi dé, mo tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn títí a fi dé ilé ìwòsàn. Dókítà gbìyànjú tirẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́, ó wá gbé orí sókè, ó béèrè pé, "Báwo ló ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?"

Ìwé mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe bí ó ti rí lára mi. Kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan, nítorí gbogbo ìjọ ló ń banújẹ́, èmi kò sì lè bá wọn sunkún. Ó dà bí ìgbà tí mo jí nǹkan, tí wọ́n sì ń bá mi kẹ́dùn pé wọ́n jí nǹkan mi. Àwọn ènìyàn ń kí mi pé mo gbìyànjú. Ní ọjọ́ kẹjọ, Dúpẹ́ wá bá mi nílé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ̀gbọ́n Mojí," ó ní, "ẹ̀yin lẹ kúnlẹ̀ tì í. Kí ni màmá mi sọ?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ronú nípa "háá" mẹ́fà náà. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ní, "Àlàáfíà. Ó ní àlàáfíà."

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tirẹ̀ lóṣù díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tó ní kí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ sára pátákó rẹ̀ ni ÀLÀÁFÍÀ. Ojú ọ̀nà ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. N kò lè lọ ibì kankan láì kọjá níwájú irọ́ mi, ní lẹ́tà ńlá.

Bàbá Pánápaná ni mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún, mo sì ní n kò níí wá mọ́. Oko ni mo bá a, ó ń fọ́ kòkó.

"O gbọ́ ohùn náà?" ó béèrè.

"Mo gbọ́ ọ, bàbá."

"Kí lo ṣe?"

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó fọ́ kòkó bíi mẹ́rin. Èdè ilé wa ló fi bú mi, n kò ní kọ ọ́ síbí. Nígbà tó bú mi tán, ó fi àdá sílẹ̀. "Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Mo fi ẹnu sọ fún yín bí ó ṣe ń dún, n kò jẹ́ kí etí yín gbọ́ ọ. Tèmi nìyẹn, èmi yóò tún un ṣe. Ti ṣọ́ọ̀ṣì yín, a ó jọ lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ tí o pa fún ọmọ ọlọ́mọ, tìrẹ nìyẹn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Sátidé, aago mẹ́jọ. Bí o bá pẹ́, o mọ ọ̀nà òkè."

Ó bá mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àlùfáà lóòótọ́. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù, ó sì sọ ohun tó bá wá.

"Ẹni tó wà nínú ẹ̀mí, a kì í fọwọ́ kàn án," ni Bàbá Àlùfáà wí.

"Mo gbọ́, Bàbá Àlùfáà. Ẹ̀mí tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, ṣé ọwọ́ ọmọbìnrin kékeré yìí ni yóò lé e lọ?"

Bàbá Àlùfáà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. "Ẹ̀yin ará Áńgílíkà, ẹ kì í bẹ̀rù nǹkan."

"À ń bẹ̀rù iná, bàbá."

Bàbá Àlùfáà rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fún wa lésì: kí akọ̀wé kọ́kọ́ wo àyà ẹni tó ṣubú, kó gbé etí sí imú rẹ̀. Bí ó bá ń mí bí ó ti yẹ, kó ṣí ìwé. Bí kò bá mí, tàbí bí mímí náà bá há, kí a gbàgbé ìwé, kí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ gbogbo ìwé ìran tí a bá rà. Mo kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà ní òkè pátápátá: KỌ́KỌ́ WO ÀYÀ RẸ̀.

Irinṣẹ́ wa yí padà láàárín àkókò yẹn. Àwọn ọmọ Ìdànrè tó wà ní Èkó fi ènìyàn oníke gidi ránṣẹ́ sí wa, èyí tó máa ń dún "kà" bí o bá tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó yẹ. Wọ́n fi àwọn agolo pupa tí wọ́n fi ń pa iná kún un, a wá ń kọ́ bí a ṣe ń fa pín-ìn-nì rẹ̀ yọ, tí a ó sì dojú ẹnu rẹ̀ kọ ìdí iná, kì í ṣe orí rẹ̀. Fóònù Ṣẹ́gun ní nǹkan kan tó ń dún bí aago láti fi bó ṣe yẹ kí àyà títẹ̀ yá tó hàn. Bàbá kò kọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ní ìparí gbogbo ẹ̀kọ́, á pa fóònù, á ní kí a tún pàtẹ́wọ́. "Bátìrì yóò kú lọ́jọ́ kan. Àtẹ́wọ́ rẹ ńkọ́?" Ó kọ̀ láti ju Bùọ̀dá Kòkó nù. Ó ṣì jókòó sí igun ilé náà, ojú èédú rẹ̀ ti parẹ́ tán.

Ohun tó yí padà jù lọ ni pé Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn náà. Á dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀, á ṣe é. Àgbà ọkùnrin! Àwọn kan rẹ́rìn-ín ní ìgbà àkọ́kọ́. N kì í rẹ́rìn-ín. Mo máa ń jáde síta.

Ní ọdún karùn-ún, àwọn tuntun mẹ́jọ forúkọ sílẹ̀. Mo wọlé ní Sátidé náà, mo rí Dúpẹ́ ní ìlà iwájú, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Nítorí ọmọ mi ni mo ṣe wá," ó sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àti nítorí yín náà. Mo rántí bí ẹ ṣe ṣe wàhálà lórí màmá mi."

Nígbà tí a dé ibi ohùn náà, mo dìde láti jáde bí mo ṣe máa ń ṣe. Bàbá dá mi dúró.

"Mojí ni yóò ṣe é lónìí. Òun ló ti gbọ́ ọ rí."

Mo lọ bá a, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe lónìí. Ọmọ obìnrin náà ló jókòó yẹn."

"Mo mọ ẹni tó jókòó," ó ní. "Lónìí ni."

Mo ti gbìyànjú láti kórìíra rẹ̀ nítorí ọjọ́ yẹn, n kò lè ṣe é. Mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà láàárín àwọn àpò. Mo dijú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mo lajú, Dúpẹ́ ti dìde. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ló dúró sí lọ́jọ́ tí màmá rẹ̀ ṣubú, ó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ti gbọ́ ohùn náà rí.

"Tún un ṣe," ó ní.

Mo tún un ṣe.

"Ohun tí màmá mi sọ nìyẹn."

"Òun ni."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan, Dúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó yẹ kí n máa tẹ àyà rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Àlàáfíà ńkọ́?"

"N kò gbọ́ àlàáfíà. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

Ṣẹ́gun tó máa ń ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu nígbà gbogbo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Dúpẹ́ ká téèpù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, ó fi í sínú àpò, ó sì jáde.

Kò wá ní Sátidé kejì. Kò wá ní ìkẹta. Mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ń retí pé wọn yóò ti fi ọ̀dà pa pátákó náà rẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Ní Sátidé kẹrin, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú kan, ó wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó kúnlẹ̀ ti ènìyàn oníke náà, ó na apá rẹ̀.

"Mi ò tíì dárí jì yín," ó ní láìwo ojú mi. "Ìka mélòó lẹ ní kí á tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀?"

"Mẹ́ta," ni mo wí.

Kò sí ẹni tí mo kọ́ tó mọ̀ ọ́n tó Dúpẹ́. Ọwọ́ aránṣọ ni, kì í yẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́fà kó tó máa bá mi sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti iṣẹ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò pa pátákó náà rẹ́. Ó fi eyín já òwú, ó ní, "Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó sọ ọ́ ló ṣẹ̀ mí."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ronú bóyá kí ẹ wá: ẹ wá. Orúnkún yín yóò bó. Ọ̀pọ̀ Sátidé ni ẹ óò fi kọ́ ohun tí ẹ lè má lò láé. Ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà kò ju pé ìmọ̀ tó wà nínú ìwé kò tíì di tìrẹ, àti pé ibi tí ọkàn rẹ ti balẹ̀ jù, láàárín àwọn ènìyàn rẹ, nínú àṣà tó mọ́ ọ lára, ibẹ̀ ni ohun tí o kọ́ yóò ti fò ọ́. N kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ẹ̀rù ṣì ń ba èmi náà. Mo kàn ti mọ bí mo ṣe lè máa bẹ̀rù kí ọwọ́ mi sì máa ṣiṣẹ́.

Sunday tó kọjá ni mo ṣe akọ̀wé kẹ́yìn kí n tó lọ. Nígbà tí orin gbóná, bàbá kan láàárín àwọn akọrin yí, ó sì ṣubú gbì. Àwọn ènìyàn yà sẹ́yìn. Kí n tó dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé, Dúpẹ́ ti kúnlẹ̀ tì í nínú sùtánà rẹ̀, ó ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ẹnu bàbá náà, ó tẹjú mọ́ àyà rẹ̀. Mo dúró lórí wọn, mo pa ìwé náà dé, mo fi òun àti bírò sí abẹ́ apá, ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo.

Dúpẹ́ gbé orí sókè, ó wo ojú mi.

"Ó ń mí," ó ní. "Ẹ máa kọ."